Kéèsì kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ ò ga, tí atẹ́gùn ń wọ̀ dáadáa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹlẹ́dìítì_Bódìjà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àárọ̀ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo máa ń tò pọ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ryzen 5 5600 ni CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó wà nínú ẹ̀rọ mi, pẹ̀lú káàdì àwòrán RTX 3060. Kéèsì rẹ̀, ìyẹn àpótí tó kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú, ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi nígbà tí mo gba òmìnira. Ó ti lé lọ́dún 10. Iwájú rẹ̀ dí pa, fáànù kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn.

Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ńdà báyìí (kí ẹ̀rọ sọ ohun tí mo tò pọ̀ di fídíò tó parí), CPU á gun dígírì 89, á gun 90, iṣẹ́ tó yẹ kó parí ní wákàtí kan á wá di wákàtí kan àbọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kú lójú mi lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí oníbàárà ń pè pé fídíò òun dà. Yàrá iṣẹ́ mi ò ní AC.

₦70,000 ni mo ní, fún kéèsì àti fáànù pọ̀. Mo ti rí ọ̀kan ní ọjà Queen Cinema: gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù 6 tó ń tan iná aláràbarà, ₦68,000. Ẹni tó ń tà á ní bí fáànù bá ti pé 6, kò sí ohun tí yóò gbóná mọ́. Ọkàn mi ti fà sí i. Kí n tó sanwó, ṣé òótọ́ ni?

Alátùn-únṣe_Ọ̀tìgbà

Ọ̀rẹ́ wa, ẹ má tíì sanwó.

Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbígbóná wá bá mi, àwọn tí kéèsì wọn rẹwà jù ni wọ́n pọ̀ jù. Fáànù kì í dá atẹ́gùn. Èyí tó wà níta ló ń fà wọlé. Bí ẹ bá gbé fáànù 6 sínú yàrá tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tì pa, ooru kan náà ni gbogbo wọn á jọ máa rò bí ẹni ń ro àmàlà. Yàrá tó ní fèrèsé níwájú, tó tún ní lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ń la àárín rẹ̀ kọjá, fáànù kan á tu ènìyàn lára níbẹ̀. Irú yàrá yẹn ni kéèsì tí ẹ ń wá.

Nítorí náà ojú kéèsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ ò tíì ní ka fáànù rárá. Bí gíláàsì bá bo iwájú, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà, kí ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà. Fáànù 3 á wá máa jà sí àlàfo yẹn. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin, tó lu láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ni kí ẹ mú.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ gbé e sínú, kí ẹ wá bọ́ sí iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ káàkiri ojú rẹ̀, ó dára. Mo ní kí ẹ ṣe èyí nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé nẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó rí lókèèrè, àmọ́ ike ló dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ lásán ni nẹ́ẹ̀tì yẹn.

Kì í sì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2019, ilé iṣẹ́ NZXT gbé kéèsì H510 jáde. Irin pẹlẹbẹ ló bo iwájú rẹ̀. Fáànù 2 tó bá a wá, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lókè, ìta ni àwọn méjèèjì ń fẹ́ ooru sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé H510 Flow jáde, ara kan náà, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ lu. Corsair náà ṣe 4000D ní 2020. Oríṣi méjì ni wọ́n jọ tà, 4000D tí ojú rẹ̀ dí àti 4000D Airflow tí ojú rẹ̀ lu. Inú kan náà ni wọ́n ní. Àwọn tó mọ tinú kéèsì ò sì bá ara wọn jiyàn lórí èyí tó tutù jù nínú méjèèjì.

Ọmọ_Àkókà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí bọ̀dá oní-fídíò tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá kéèsì gan-an ló jẹ̀bi. Ẹ rẹ́ńdà fídíò kan fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ kọ iye dígírì tí HWiNFO (ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ooru inú ẹ̀rọ) bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ yọ ojú kéèsì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ tún rẹ́ńdà fídíò kan náà fún ìṣẹ́jú 20, nínú yàrá kan náà, ní àkókò kan náà nínú ọjọ́.

Bí ó bá wálẹ̀ ní dígírì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kéèsì ló ń há ooru mọ́. Bí ó bá jẹ́ dígírì 2 tàbí 3 péré, kéèsì tuntun ò ní wo àìsàn yẹn sàn. Ẹ ó wo kúlà orí CPU (irin àti fáànù tó ń mú un tutù), ẹ ó wo thermal paste, ọ̀dà tó ń gbé ooru láti CPU bọ́ sára kúlà, tó wà láàárín wọn, nítorí ó máa ń gbẹ bí ó bá ti pẹ́.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú 90 tí ẹ rí yẹn. 90 ni AMD kọ sílẹ̀ pé kí Ryzen 5 5600 má kọjá. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa bàjẹ́. Wákàtí kan tó di wákàtí kan àbọ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹlẹ́dìítì_Bódìjà

Mo ti ṣe é. Pẹ̀lú kéèsì ní pípadé: CPU 89, káàdì 83. Nígbà tí mo ṣí i sílẹ̀: CPU 78, káàdì 71. Ẹnu yà mí gan-an. Dígírì 11 àti 12 láìná nǹkan kan!

Ọmọ_Àkókà

Kéèsì ló jẹ̀bi, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín, kò le.

Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ńdà, CPU yín á máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 76, RTX 3060 á máa jẹ 170. Ẹ fi ti mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) àti dírááfù kún un, ká pè é ní 280. Gbogbo wáàtì yìí ló ń di ooru nínú kéèsì. Ẹ fi 1.76 ṣe ìsọdipúpọ̀ 280, kí ẹ pín in sí iye kúbíìkì fíìtì atẹ́gùn tó ń la inú kéèsì kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ẹ bá rí ni iye dígírì tí atẹ́gùn inú kéèsì á fi gbóná ju ti yàrá lọ.

Bí atẹ́gùn tó ń kọjá bá jẹ́ 50, yóò jẹ́ bíi dígírì 10. Bí ojú kéèsì bá dí, tó jẹ́ pé 20 péré ló ń rí ọ̀nà wọlé, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 25. Yàrá tí kò ní AC n'Ìbàdàn lè tó 33 lọ́sàn-án oṣù Kẹta. 33 àti 25 jẹ́ 58. Atẹ́gùn 58 yẹn ni kúlà CPU ń fẹ́ sórí CPU kó lè tutù! Báwo ló ṣe máa tutù?

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Kò sí fáànù tó lè mú inú kéèsì tutù ju yàrá lọ. Bí yàrá bá jẹ́ 33, orí 33 la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìdí nìyí tí kéèsì tó dáa tó fún ẹni tó wà níbi tí òtútù wà lè má dáa tó fún wa, bí wọ́n tilẹ̀ ń yìn ín nínú fídíò.

Ògo_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ ò kúkú ní jẹ́ kó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi ti ṣí tèmi láti ọdún 2 sẹ́yìn, mo gbé fáànù ìdúró tì í, ó ń ṣiṣẹ́. Kó fi ₦70,000 rẹ̀ ra epo.

Alátùn-únṣe_Ọ̀tìgbà

Mi ò ní sọ pé kò tutù, nítorí òun náà ti fojú ara rẹ̀ rí i. Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó fi ń wá kéèsì, ó lè ṣe é. Kó má sọ ọ́ di ilé ni mo ń bẹ̀bẹ̀.

Ohun tí mo máa ń bá nínú kéèsì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọńlé. Ó fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á wọ ẹ̀yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù tàbí inú páwà (àpótí tó ń fún ẹ̀rọ níná), á fara kan ojú iná méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun á kú, páwà náà á kú. Mo ti yọ ọmọńlé tó ti gbẹ kúrò nínú páwà àwọn ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Aáyán náà ń wọ̀ ọ́. Bí ọmọ kékeré bá sì wà nílé, fáànù ń yí ní gbangba, ìka ọmọ ń bẹ níbẹ̀.

Fáànù ìdúró tí ẹ gbé tì í, gbogbo eruku yàrá ló ń kó dà sínú rẹ̀, nígbà tí kò sí asẹ́ kankan láàárín.

Ayàwòrán_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tìgbà, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ eruku, torí òun ló jẹ mí níyà. Mo ra kéèsì olójú nẹ́ẹ̀tì lóṣù Kọkànlá, ó lu dáadáa, gbogbo ohun tí ẹ ń wí yìí ló ní. N kò béèrè asẹ́. Ọyẹ́ dé. Láàárín oṣù mẹ́ta, eruku ti di bí òwú láàárín irin kúlà, káàdì tó máa ń wà ní 70 bẹ̀rẹ̀ sí í dé 84. Mo rò pé káàdì ti bàjẹ́, mo sì ti ń wá owó òmíràn kiri. Ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin bá mi ṣí i ni mo rí ohun tó ń ṣe mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí mo ti sọ fún oníbàárà méjì pé n kò lè ṣe iṣẹ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ojú tó lu nìkan kò tó nílẹ̀ wa. Ẹ béèrè asẹ́ tó ṣe é yọ, ní iwájú, àti ní ìsàlẹ̀ níbi tí páwà ti ń fa atẹ́gùn. Èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù, ẹ ó kàn fà á yọ ni. Q300L ti Cooler Master ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ fáànù kan ṣoṣo ló bá a wá, ẹ̀yìn ló wà, ẹ ó ra ti iwájú kún un.

Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fọ asẹ́ tèmi. Ìgbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ni. Ẹ gbé e síbi òjìji kó gbẹ dénú, ẹ má dá a padà ní tútù. Bí ẹ bá sì ń fi bílówà fẹ́ eruku inú kéèsì, ẹ fi ìka kan di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Bí bílówà bá ń sọ ọ́ yí ní àsápajúdé, ó lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Fún ẹni tí kéèsì rẹ̀ ò ní asẹ́: sítọ́kìn obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ nà án dáadáa sẹ́yìn ojú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe é ní ìlọ́po méjì, yóò dí atẹ́gùn lọ́nà, ẹ ó tún padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ọmọ_Àkókà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ti aúńtí Òṣogbo lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí fáànù tó ń fa atẹ́gùn wọlé lágbára díẹ̀ ju èyí tó ń tì í jáde. Bí èyí tó ń jáde bá pọ̀ jù, kéèsì á máa fa atẹ́gùn láti gbogbo kọ̀rọ̀ tí kò ní asẹ́, láti ẹ̀yìn káàdì, láti ojú USB, eruku á sì máa bá a wọlé. Bí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ jù, ojú asẹ́ nìkan ni eruku á ti máa wá ọ̀nà. Méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Fún ẹ̀rọ tí bọ̀dá ní, ó ti tó.

Ìyá_Túnjí_Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. London ni mo wà, mo sì máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Mo rí i pé àwọn ènìyàn á máa sọ pé «ẹ bá mi ra kéèsì tòkúnbọ̀ níbẹ̀, ó dínwó». Òótọ́ ni pé ó dínwó níhìn-ín. Ẹrù rẹ̀ ló ń pa ènìyàn.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló máa gbé e, fífẹ̀ páálí ni wọ́n sábà máa ń fi gba owó, kì í ṣe wíwúwo rẹ̀. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà ṣe ìsọdipúpọ̀, wọ́n á pín in sí 5,000. Páálí kéèsì tó jẹ́ 55 ní 50 ní 30 á di kílò 16 àbọ̀, bẹ́ẹ̀ kéèsì yẹn fúnra rẹ̀ lè má ju kílò 8 lọ. Atẹ́gùn ni ẹ ń sanwó rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí èyí tó dé ilé ní wẹ́wẹ́.

Ẹ ra kéèsì nílé. Fáànù ni kí ẹ ní kí wọ́n bá yín rà níhìn-ín, torí páálí rẹ̀ kéré. P12 ti Arctic, èyí tí wọ́n ń dì ní 5 sínú páálí kan, òun ni mo máa ń rà fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní iná aláràbarà. 120 mílímítà ni, ó ń yí dé ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ó ń gbé kúbíìkì fíìtì 56. Ó tún lágbára láti fa atẹ́gùn gba inú asẹ́ kọjá, ohun tí àwọn fáànù aláràbarà pọ́ọ́kú kì í sábà lè ṣe.

Ẹlẹ́dìítì ọmọ mi, bí o bá ní ẹni tó ń bọ̀ nílé lóṣù yìí, á gbé e sínú báàgì rẹ̀.

Ẹlẹ́dìítì_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni mà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ ní ọjọ́ 18. Màá bá a sọ ọ́.

Mo ti fi kéèsì onígíláàsì yẹn sílẹ̀. Mo tún fẹ́ béèrè: èwo nínú wáyà fáànù ni kí n mú? Èyí tí mo rí lára fáànù 6 yẹn fẹ̀, kò jọ ti mọ́dàbọ́ọ̀dù mi.

Alátùn-únṣe_Ọ̀tìgbà

Ìbéèrè yín dára, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣòfò lórí rẹ̀. Oríṣi ẹnu wáyà 3 ni ẹ ó bá pàdé.

Oníhò 4, tí wọ́n ń pè ní PWM: mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ń sọ fún un pé kó sáré tàbí kó rọra. Òun ni kí ẹ mú. Oníhò 3: mọ́dàbọ́ọ̀dù ṣì lè dín eré rẹ̀ kù nípa dídín iná tó ń lọ sí i, bí ẹ bá yí i sí DC nínú BIOS (ibi ètò mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀). Òun náà dára, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù. Ẹ̀kẹta ni Molex, ẹnu funfun gbàǹgbà oníhò 4 tó ń wọ ara páwà tààrà. Èyí ò mọ̀ bóyá CPU gbóná tàbí ó tutù. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, eré àsápajúdé ni, ariwo láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá ń gé ohùn sínú fídíò, ariwo yẹn á wọ etí yín.

Àwọn fáànù 6 alápapọ̀ tó ń wá nínú kéèsì pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹnu wáyà tiwọn tí kò bá nǹkan mìíràn mu, àfi àpótí kékeré tó bá wọn wá. Bí àpótí yẹn bá kú, fáànù 6 ló dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní páálí kan níṣọ́ọ̀bù tó kún fún irú wọn, fáànù tó ṣì dára tí kò rí ibi kan wọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà kan pín iná sí fáànù púpọ̀ láti ojú kan ṣoṣo lára mọ́dàbọ́ọ̀dù, ẹ ka ẹ̀yìn fáànù. A kọ áḿpíà rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù kò fẹ́ ju áḿpíà 1 lọ lójú kan. Fáànù 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.2, kò séwu níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ojú tó ń kọ. Ojú tó ṣí gbayawu ló ń fa atẹ́gùn, ẹ̀yìn tó ní ọ̀pá ike tó dì í mú ló ń tì í jáde. Ojú gbayawu ti fáànù iwájú á kọ sí ìta, ti ẹ̀yìn á kọ sí inú. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ gbé e sún mọ́ ọn. Ní iwájú, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Ní ẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ fò lọ. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tí fáànù 5 inú rẹ̀ kọjú síta pátá. Ìṣẹ́jú 25 ni mo lò, mo yí 3 padà, ẹ̀rọ tutù, kò ra nǹkan kan.

Ẹ má tíì fi fáànù tó ń tì í jáde sí òrùlé kéèsì ní apá iwájú, lẹ́bàá ojú rẹ̀. Atẹ́gùn tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń jí gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ CPU.

Ọmọ_Àkókà

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ mú téèpù, ẹ wọn nǹkan 3 nílé. Gígùn káàdì yín. Gíga kúlà CPU láti ojú mọ́dàbọ́ọ̀dù. Àti mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀: ATX jẹ́ 305 ní 244 mílímítà, Micro-ATX jẹ́ 244 ní 244. Bí tiyín bá jẹ́ Micro-ATX, kéèsì kékeré á gbà á, owó rẹ̀ á sì rọjú.

Ẹ ra èyí tó lè gba kúlà tó ga tó mílímítà 160, bí ẹ tilẹ̀ ń lo kékeré tó bá CPU wá báyìí. Lọ́jọ́ tí owó bá wá, kúlà Peerless Assassin 120 SE ti Thermalright jẹ́ 155, á wọ̀ ọ́. Bí fáànù iwájú bá wà nínú, ẹ yọ mílímítà 25 kúrò nínú àyè tí wọ́n kọ pé káàdì ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni fáànù ṣe nípọn.

Alátùn-únṣe_Ọ̀tìgbà

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Bí ó bá ń wọ inú bí agolo mílíìkì, á máa gbọ̀n bí fáànù bá ń yí. Kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí páwà bá ń fa atẹ́gùn láti abẹ́, ẹsẹ̀ tó ga díẹ̀ ló dára. Ẹ má gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì, orí pákó tàbí orí tábìlì ni.

Ẹlẹ́dìítì_Bódìjà

Mo ti dé láti ọjà, ẹ̀yin ará mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú kéèsì 4. Méjì nínú wọn, nẹ́ẹ̀tì irọ́ ni, ike ló wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ọ̀kan lu, ṣùgbọ́n kò ní asẹ́. Ẹ̀kẹrin ni mo rà: Micro-ATX, ojú nẹ́ẹ̀tì, asẹ́ níwájú àti nísàlẹ̀, fáànù 2 oníhò 3 ló bá a wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin, ó ń gba kúlà 160. ₦58,000 ni wọ́n pè é, a dúnàá-dúrà, mo san ₦51,000. Mo fi ₦6,500 ra fáànù oníhò 4 kan níbẹ̀, kí àwọn ti London tó dé.

Méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo fi tíṣù yẹ gbogbo wọn wò. Ọ̀kan nínú ti iwájú, mo ti kọjú rẹ̀ sódì, tíṣù ló tú àṣírí rẹ̀.

Fídíò kan náà, ìṣẹ́jú 20, aago 2 ọ̀sán, yàrá 32: CPU 76, káàdì 69. Kéèsì wà ní pípadé o! Mo rẹ́ńdà gbogbo ìgbéyàwó Sátidé ní wákàtí kan ó dín ìṣẹ́jú 4. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ohun kan ló kù. Bí n kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀rọ rárá, fáànù ẹ̀yìn ṣì ń pariwo.

Alátùn-únṣe_Ọ̀tìgbà

Ẹ kú oríire! Ẹ wọ BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fáànù. Ojú tí ẹ ti fi ti ẹ̀yìn sí, ẹ yí i láti PWM sí DC, torí oníhò 3 ni. Ẹ jẹ́ kó máa yí ní ìdá 40 nínú 100 títí CPU á fi dé dígírì 55, kó gun ìdá 70 nígbà tí CPU bá dé dígírì 70, kó sáré tán ní dígírì 80. Bí ó bá ń lọ sókè sódò lemọ́lemọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti lè ní kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó yí eré padà.

Ẹlẹ́dìítì_Bódìjà

DC ni ìṣòro rẹ̀! Ó ti dákẹ́. Mo ń gbọ́ àwọn ẹyẹ níta báyìí. Ìyá Túnjí, àbúrò ìyàwó mi á pè yín lọ́la nípa fáànù, kí n lè fi ìkan sí ipò kẹta tó ṣófo níwájú, kí n sì fún àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní èyí tó bá ṣẹ́kù. Tiẹ̀ náà dí níwájú.